Ẹ̀kọ́ Tí Azeemah Kọ́ Àwọn Olójú

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dán Azeemah wò lórí fóònù kí wọ́n tó sọ fún un pé ó yege. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Marina ló ń wá àwọn tí yóò máa gbé ìpè àwọn oníbàárà: àwọn tí mọ́tò wọn kọlu ti ẹlòmíràn, àwọn tí omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn tí inú kàn ń bí ṣáá. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n ní kí ọkùnrin kan ṣe bí oníbàárà tí ilé rẹ̀ jóná, tí orí rẹ̀ sì ti gbóná, kí ó máa bú u. Ọkùnrin náà bú u títí ó fi rẹ òun fúnra rẹ̀. Azeemah kò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń sọ náà ni pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ sọ fún mi, níbo niná náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Kenneth, ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀, pè é fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Furaidé.

"Mà, nínú àwọn mọ́kànlélógójì tí a dán wò, ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa jù. Ohùn yín balẹ̀. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè?"

"Mo lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, sà, tí ẹ bá fẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Kenneth rẹ́rìn-ín. Kò bi í bóyá ó ríran, Azeemah náà kò sì sọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi pa mọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń kọ ọ́ sínú gbogbo lẹ́tà tó fi ń wáṣẹ́ pé òun kò ríran. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ló kọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fèsì sí, ẹni tó sì fèsì náà ní kí ó lọ wádìí lọ́dọ̀ ìjọba bóyá wọ́n ń pín nǹkan fún àwọn aláàbọ̀ ara. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ fún ara rẹ̀ pé etí àti ẹnu ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ òun ná.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí àìsàn ojú kan tí àwọn dókítà ń pè ní gílákómà gba ìríran rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Láàárín ìgbà yẹn ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà láìwò ó, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tí ń fi ohùn ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ jáde. Ó ka ìwé gba dìgírì. Ohun kan tí kò rí ṣe ni pé kí ó yí ọkàn ìyá rẹ̀ padà. Alhaja Afusat fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé láti ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì jẹ́ kí ó dá omi tíì kaná nínú agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, ìyá ti wọ hìjáàbù, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni yóò mú ọ sọdá ní Ìdúmọ̀tà?"

"Màmá, èmi náà ni."

"Azeemah, àwọn ọlọ́mọlanke yẹn kì í wo iwájú o."

"Èmi náà kì í wò ó, Màmá. A ó jọ gbọ́ ara wa."

Inú ìyá kò dùn sí àwàdà yẹn, ṣùgbọ́n ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Azeemah jáde. Ọ̀nà yẹn ti mọ́ ọn lára. Ó mọ ibi tí ìborí gọ́tà ti fọ́, ó mọ ibi tí òórùn aṣọ tuntun ti ń pàdé òórùn epo jẹnẹrétọ̀, ó sì mọ̀ pé tí ariwo àwọn tó ń ta rédíò bá ti bọ́ sẹ́yìn òun, Broad Street ló kù. Nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ lù ú lójú, ó mọ̀ pé òun ti dé Marina. Aago mẹ́jọ kò tíì lù.

Sikiúrítì tó wà ní géètì kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ sún síwájú. A kì í gba alágbe níbí."

Azeemah kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Aṣọ tó wọ̀, ìyá rẹ̀ ló lọ̀ ọ́ títí tó fi dán. Bàtà rẹ̀ jẹ́ tuntun.

"Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni," ó wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, tí ó sì tìtorí ìyẹn burú jù. "Ta ló mú yín wá? Ẹ pe ẹni tó mú yín wá."

Azeemah mú fóònù rẹ̀ jáde, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Kenneth. Ó gbọ́ bí lífítì ṣe ṣí, ó gbọ́ bàtà tó ń yára bọ̀, tó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lórí táìsì. Bàtà náà dúró lójijì, ní bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin síbi tó wà.

"Àbí… ẹ̀yin ni Azeemah?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kenneth sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Azeemah dúró. Ó ní, "Sà, ọ̀pá yẹn ni ojú mi. Ẹ jẹ́ kí n di apá yín mú, kí ẹ máa lọ níwájú." Ọ̀gbẹ́ni Kenneth jọ̀wọ́ ọ̀pá náà bíi pé iná jó o.

Nínú ọ́fíìsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Ẹ JÓKÒÓ. ṢÉ Ẹ TI JẸUN? Azeemah ní etí òun kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Tí iná bá sọ ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò máa mú un wá láràárọ̀? Azeemah dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní bí iná bá sọ tí èéfín gba gbogbo ilé, òun ni yóò rọrùn fún jù láti rìn nínú òkùnkùn. Ó ní kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ han òun lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Báwo lẹ ó ṣe máa rí i?"

Azeemah ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú rẹ̀, ó yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Kí ni ìyẹn ń sọ?"

"Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi ní Furaidé ni, sà. Ibi tí ẹ ti kí mi kú oríire ló dé."

Ọ̀gbẹ́ni Kenneth mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run tóbi o. Ẹ̀bùn ńlá nìyí." Ó dìde. "Ẹ máa lọ sílé ná, mà. A máa pè yín."

Azeemah mọ gbólóhùn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn padà sílé. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ kò sọ pé ṣebí òun ti sọ ọ́. Ó kàn gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa egungun kúrò nínú ẹja fún un. Azeemah gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Wọ́n wá pè lóòótọ́.

"Ẹ wò ó, mà," Ọ̀gbẹ́ni Kenneth ní, ohùn rẹ̀ kún fún ìfẹ́, "ìṣòro wa ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wa kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni bíi tiyín ṣe. A fẹ́ kí ẹ wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, wákàtí kan péré. Tí wọ́n bá ti lóye, a lè wá jókòó ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Azeemah bi í: "Sà, àwọn ogójì yòókù tí ẹ dán wò, ṣé àwọn náà kọ́kọ́ wá ṣàlàyé ara wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ yín?"

"Kò yé mi, mà."

"Mo mọ̀, sà," Azeemah ní. Ó ní òun yóò ronú sí i.

Ihsan ló fọ̀rọ̀ náà lọ̀. Òun àti Ihsan jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn ni. Ihsan náà kò ríran, dìgírì tirẹ̀ sì dára ju ti Azeemah lọ, ṣùgbọ́n káàdì fóònù ló ń tà ní Obalende.

"N kò ní lọ," Azeemah ní. "Ó ti sú mi. Láti kékeré ni mo ti ń ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé fún tíṣà, mo ṣàlàyé fún kọ̀ńdọ́ ọkọ̀, mo ṣàlàyé fún dókítà tó bi ìyá mi léèrè níṣojú mi pé kí ló ń dùn mí. Ìgbà wo ni màá ṣiṣẹ́?"

"Tí o kò bá lọ, ta ló máa lọ?"

"Kí wọ́n lọ kàwé. Ojú wà lára wọn."

Ihsan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Azeemah, ìwọ ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ilé yẹn. Èmi kò tíì rí ibi fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi sí. Lọ, jọ̀ọ́. Bú wọn tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n lọ."

Ìdí nìyẹn tó fi lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tọ́jú ohun tí yóò sọ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó tò ó dáadáa: bí wọ́n ṣe ń kí aláìríran, bí wọ́n ṣe ń mú un lọ síbi tó bá fẹ́, ohun tí ilé-iṣẹ́ lè tún ṣe láìnáwó púpọ̀. Ó tiẹ̀ fi àpárá méjì sí i.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń gbé ìpè sí, wọ́n tó márùndínlógójì. Azeemah gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tó wọlé, tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Kenneth mú máìkì. Ó ní kí wọ́n wo arábìnrin yìí, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo ìpọ́njú tó dé bá a. Azeemah kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Kí ó tó sọ̀rọ̀," Ọ̀gbẹ́ni Kenneth tẹ̀síwájú, "mo ní nǹkan kan fún yín. Gbogbo yín, ẹ mú aṣọ dúdú tó wà lórí àga yín, ẹ fi di ojú. Kí kálukú dìde, kí ó lọ bu tíì fún ara rẹ̀ lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún!"

Kò sí ẹni tó sọ fún Azeemah pé èyí yóò ṣẹlẹ̀. Ó nawọ́, ó fẹ́ di apá Ọ̀gbẹ́ni Kenneth mú, ṣùgbọ́n ó ti lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Àga ṣubú. Ẹnì kan ní, "Ta nìyẹn? Yéè, ẹsẹ̀ mi!" Ife fọ́. Omi gbígbóná dà sí ẹnì kan lára, ó kígbe. Ẹ̀rín náà ń dínkù. Nígbà tó yá, obìnrin kan bú sẹ́kún níbi ògiri.

"Ẹ bá mi tú u! Mi ò lè ṣe é, ẹ bá mi tú u! Jésù, ó sàn kí n kú ju kí n máa gbé báyìí lọ!"

Azeemah dúró níwájú wọn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó gbọ́ ọ kedere bí gbogbo èèyàn ṣe gbọ́ ọ. Ó sàn kí n kú. Wọ́n tú aṣọ lójú, wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń fa imú.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Ọ̀gbẹ́ni Kenneth ní, ohùn tirẹ̀ náà ń gbọ̀n. "Ṣé ẹ ti rí ìyà tí wọ́n ń jẹ?"

Azeemah na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní máìkì yẹn, sà."

Kò ṣí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó tò sílẹ̀ ló ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà láìríran," ó ní. "Ẹ̀yin wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí kò tó márùn-ún, ẹ wá rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ mọ̀ ni bó ṣe rí fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ láàárọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní nǹkan kan. Tí ẹ bá gbé èmi náà sí iwájú ọkọ̀ òfuurufú nísinsìnyí pé kí n wà á, màá sunkún. Ìyẹn kò ní kí ẹ máa káàánú gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n kọ́ ọ ni. Èmi náà kọ́ ọ ni. Láàárọ̀ yìí, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá síbí. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa mí lẹ́kún."

Ó sọ ìyókù wéréwéré, láìsí àpárá kankan. Ó ní kí wọ́n máa dárúkọ ara wọn tí wọ́n bá ń bá òun sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa bi òun kí wọ́n tó fọwọ́ kan òun. Kí wọ́n má máa bi ẹni tó bá dúró ti òun ní ohun tí wọ́n fẹ́ bi òun. Ó ní ìdánwò tí wọ́n ṣe fún òun, òun yege, òun kò sì wá síbí láti wá gba àánú. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìbéèrè.

Ọkùnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń lálàá. Obìnrin kan béèrè pé ta ló máa ń bá a yan aṣọ. Ẹlòmíràn ní òun mọ wòlíì kan ní Ìkòròdú. Azeemah dáhùn, ó dáhùn, ó ń gbọ́ bí ohùn òun fúnra rẹ̀ ṣe ń le sí i. Ó ti ń wá bí òun yóò ṣe gbé máìkì náà sílẹ̀ tí òun yóò máa lọ, kí ohùn kan tó dún láti ọwọ́ ẹ̀yìn, ohùn obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀.

"Christabel ni orúkọ mi. Èmi ni mo ń darí àwọn tó ń gbé ìpè. Nígbà tí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ sí yín létí, tí kọ̀ǹpútà náà sì ń kàwé sí yín létí, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ méjèèjì?"

Azeemah yí orí sí ibẹ̀. "Etí kan fún ìkọ̀ọ̀kan, mà. Oníbàárà lápá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà lápá òsì."

"Kò sì ń dà rú mọ́ yín lórí?"

"Ó dà rú ní oṣù àkọ́kọ́."

"Hm." Àga dún, obìnrin náà ti dìde. "Àwọn fóònù ti ń dún láti àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí, kò sí ẹni tó ń gbé e nítorí gbogbo wa wà níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ọ̀gbẹ́ni Kenneth ní ìyẹn kò sí nínú ètò. Ìyáàfin Christabel kọjá lára rẹ̀. Ó wá síwájú Azeemah, ó ní, "Apá mi nìyí," ó sì dúró de ìgbà tí Azeemah dì í mú.

Ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò kò bá kọ̀ǹpútà Azeemah sọ̀rọ̀, nítorí náà Ìyáàfin Christabel jókòó tì í, ó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà tiwọn sí i létí òsì. Ẹni tó pè jẹ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, omi òjò ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ẹni tó wá wò ó. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí yóò bú sẹ́kún. Azeemah tù ú nínú, ó gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti ya fọ́tò àwọn aṣọ náà, ó ní kí ó má tíì kó wọn dànù, ó sì ní láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá wọn yóò rán ẹni tí yóò wá wò ó. Obìnrin náà dúpẹ́, ó dúpẹ́. Nígbà tí ìpè náà parí, gbogbo àwọn tó ti yí wọn ká pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń hó. Ẹnì kan ní, "Ògo ni fún Olúwa!"

Azeemah jókòó sáàárín àtẹ́wọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan síwájú. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí kì í gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ ní ogójì ìgbà lójúmọ́.

Ìyáàfin Christabel kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí ariwo náà rọ̀.

"Ọjọ́ mẹ́wàá ni," ó ní, "kì í ṣe mẹ́rìnlá. Ti ilé gbígbé ni mẹ́rìnlá. Ti ọjà, mẹ́wàá. Ẹ pè é padà, ẹ tún un ṣe."

Ojú ti Azeemah. Ó ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti da méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tú nínú àyà rẹ̀ tí kò tíì tú láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn. Ẹnì kan ti bá a wí nítorí iṣẹ́. Ó pe obìnrin náà padà.

Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó. Ìyáàfin Christabel ló ta kú lórí ọ̀rọ̀ náà. Azeemah rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fi ètò tó ń kàwé sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹjọ́ oníbàárà sílẹ̀, gbogbo ohun tí ohùn náà ń sọ ni, "Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì." Kò sí èyí tó ní orúkọ. Adéníyì, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣeé ṣe, àwọn tó ṣe ètò náà wà ní ìlú òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Azeemah fi jókòó láìṣe nǹkan kan. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó má baà rìn jìnnà. Wọ́n ń gbé bísíkíìtì wá fún un. Wọ́n ní kí ó máa sinmi, ṣebí owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi ayọ̀ ka ohun kan sí i létí: ilé-iṣẹ́ ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí Fesibúùkù, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, *Tí ẹni yìí bá lè rẹ́rìn-ín, kí ni ìwọ ń ráhùn sí?*

Azeemah dìde. Ó ka ilẹ̀kùn mẹ́fà, ó kan ti Ọ̀gbẹ́ni Kenneth.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, sà."

"Ìdí rẹ̀, mà? Èèyàn ẹgbẹ̀rún méjì ló ti fẹ́ràn rẹ̀! A fẹ́ràn yín ni o."

"Mo mọ̀. Ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ fún mi níṣẹ́ ṣe. N kò tíì gbé ìpè kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Kenneth fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Ó yọ ọ́.

Láti ibẹ̀ ni Azeemah ti lọ sọ́dọ̀ Adéníyì. Kò bá a jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ìjà lọ. Ó bọ́ hẹdisẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kí ó fi sétí. "Ká ní oníbàárà kan wà lórí ìlà. Ó fẹ́ fi ẹjọ́ ìjàm̀bá mọ́tò sùn. Gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ, kí o sọ fún mi, èwo ni kí n tẹ̀?"

Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì.

Adéníyì gbọ́ ọ títí. Ó tún un gbọ́. "Á à," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ṣé ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyí? Mo rò pé… N kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo rò. Orúkọ nìkan ni wọn kò fún wọn. Mo lè ṣe ìyẹn láti ibí yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ti sọ gbogbo bọ́tìnnì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lórúkọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí inú Azeemah dùn, inú rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó ń rìn lọ sílé lábẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n, ohun tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àti ọdún mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, àti Ihsan tó ń ta káàdì. Mélòó nínú ohun tí wọ́n ti sọ fún àwọn pé kò ṣeé ṣe ló jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan?

Ó ń gbé ìpè láti ọjọ́ kejì. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n gbé e. Nínú oṣù kejì, ọkùnrin kan tí inú ń bí pè, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, Azeemah wá orúkọ rẹ̀ títí, kò rí i.

"Kí ló dé?" ọkùnrin náà jágbe, ohùn rẹ̀ jáde nínú hẹdisẹ́ẹ̀tì débi pé ẹni tó jókòó ti Azeemah gbọ́. "Ṣé afọ́jú ni ẹ́ ni? Ṣé o ò rí orúkọ mi níwájú rẹ ni?"

Àga dún níbi àwọn tábìlì tó yí i ká.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, n kò ríran," Azeemah ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà fún mi. Ó dà bíi pé ọ̀kan ti fò nínú rẹ̀."

Ọkùnrin náà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún un kà. Ọ̀kan ti fò lóòótọ́. Azeemah rí orúkọ rẹ̀, ó parí ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Ẹnì kan ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń ní, "Pẹ̀lẹ́, má dá a lóhùn, pẹ̀lẹ́."

Azeemah yọ èjìká rẹ̀. "Ta nìyẹn? Ẹ dárúkọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn mí. Mò ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó bá Ọ̀gbẹ́ni Kenneth sọ̀rọ̀ Ihsan. Ọ̀gbẹ́ni Kenneth ní kí wọ́n má tíì yára, kí ẹnì kan kọ́kọ́ mọ́ ojú wọn lára ná. Azeemah bi í pé ojú wo, sà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ pátápátá dé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣí i. Ohùn náà ní, "Àwòrán." Ó dákẹ́. Wọ́n ti ya fọ́tò lẹ́tà náà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé kà nínú rẹ̀.

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Kenneth lórí fóònù.

"Áà, ẹ má bínú, mà! Ṣé kí n wá kà á fún yín? Ohun tó dára ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn fọwọ́ sí i."

"Rárá, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́. N kò ní fọwọ́ sí ohun tí n kò fúnra mi kà."

"Ó lè di ọ̀la o."

"Kó di ọ̀la, sà. Màá dúró."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìpè kan ti ń dún létí ọ̀tún rẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta, ó gbé e.

"Ẹ káàsán. Azeemah ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí ni mo lè bá yín ṣe?"